Ta ni yóò gbé àsíá? Àwọn àjèjì níbi ọdún òmìnira ní abúlé Gíríìsì

Bí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta bá ti pé lọ́dọọdún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń jí ọ̀pọ̀ abúlé ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìsìn ìdúpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àlùfáà, àwọn aláṣẹ ìlú àti àwọn olùkọ́ á lọ fi òdòdó sí ẹsẹ̀ òkúta ìrántí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ abúlé tó kú sójú ogun sí. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé á wá yan kọjá láàárín ìlú bíi sójà, nínú aṣọ funfun àti búlúù. Àwọn mìíràn nínú wọn á wọ fustanella, yẹ̀rì funfun onípele púpọ̀ tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ń wọ̀. Ọmọ kan ló máa ń wà níwájú gbogbo wọn. Òun ló gbé àsíá.

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti wòran lóde òní yóò rí i pé kì í ṣe ọmọ abúlé nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ìlú ọba àti Jámánì wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ra ilé sí Kírétè tàbí Peloponnese nítorí oòrùn. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àwọn ará Albania náà wà níbẹ̀, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní nǹkan bí ọdún 1991 nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì wó ní ìlú wọn, tí wọ́n ń ká ólífì, tí wọ́n ń mọ ilé, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn arúgbó abúlé. Láwọn ibòmíràn, àwọn ọmọ Bangladesh àti Pakistan tó ń ṣiṣẹ́ oko kò jìnnà sí ojúde náà.

Àjèjì ni gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́wọ́ gbà wọ́n níbi ọdún náà kò dọ́gba. Wọ́n ń fa àga fún àwọn kan. Wọ́n ń wo àwọn mìíràn bí ẹni tó ṣì wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí òbí wa ti ilẹ̀ Yorùbá wá, tí a sì dàgbà sí ilẹ̀ onílẹ̀, ju bí a ṣe rò lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tiwa, kò sí ìlú tí kò lè bu oúnjẹ ọdún fún àlejò. Ìgbà tí ọmọ àlejò bá na ọwọ́ láti bá wọn gbé àsíá la ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún tí ọwọ́ àjèjì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀

Ohun tí Gíríìsì ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ìjà òmìnira tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1821, nígbà tí wọ́n dìde sí ìjọba Ottoman ti Tọ́kì tó ti ń ṣàkóso wọn fún nǹkan bí 400 ọdún. Ọjọ́ kan náà ni ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì fi ń rántí bí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ṣe kéde fún Màríà pé yóò bímọ. Ọdún ìlú àti ọdún ìjọ para pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ náà fi jinlẹ̀ lọ́kàn wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè? Ọba Otto ni, ní ọdún 1838. Otto kì í ṣe ọmọ Gíríìsì. Ọmọ ọba Bavaria ní Jámánì ni, tí àwọn alágbára ilẹ̀ Yúróòpù yàn pé kó wá jọba níbẹ̀ ní ọdún 1832. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni nígbà náà. Àjèjì ló fọwọ́ sí i pé kí ọdún náà máa wáyé.

Kò tán síbẹ̀. Lord Byron, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi owó rẹ̀ àti ara rẹ̀ sínú ìjà náà. Àìsàn ló pa á ní Mesolongi ní oṣù Kẹrin ọdún 1824, títí di òní ni wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà ní Gíríìsì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1827, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Rọ́ṣíà ló fọ́ àwọn ọkọ̀ ogun Ottoman àti Íjíbítì túútúú ní Navarino. Ìjà yẹn ló sọ òmìnira di ohun tó ṣeé ṣe.

Èyí tó wá yà wá lẹ́nu jù ni ti àwọn Arvanites. Àwọn yìí jẹ́ Kristẹni tó ti ń gbé Gíríìsì láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ka èdè Albania ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Laskarina Bouboulina, obìnrin olówó ọkọ̀ ojú omi tó kó ọkọ̀ rẹ̀ jáde fún ìjà òmìnira, ìran wọn ni. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọbìnrin á múra bíi tirẹ̀. Kódà fustanella tí àwọn ọmọkùnrin ń wọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Albania náà ni.

Ẹ tún wo oúnjẹ. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì máa ń bá ọjọ́ náà, ìjọ sì fàyè gba ẹja lọ́jọ́ ìkéde yìí nìkan láàárín ìgbààwẹ̀ náà, yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìmọ̀-ọ̀pẹ. Nítorí náà, bakaliaros ni gbogbo ilé máa ń dín: ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n rẹ sómi, kí wọ́n tó dín in. Skordalia, ìyẹn áyù tí wọ́n gún mọ́ ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹja yìí kì í gbé inú òkun Gíríìsì rárá. Inú òkun Àtìláńtíìkì tó tutù lápá àríwá ni wọ́n ti ń pa á, àwọn oníṣòwò ló gbé e dé. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó bà jẹ́, òun ló jẹ́ kí ó lè dé àwọn abúlé orí òkè tó jìnnà sí etí òkun. Ẹja àjèjì ti wá di oúnjẹ ọdún, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ìlànà tí àwọn ilé-ìwé Gíríìsì ti ń lò fún àsíá jọ èyí gan-an: ọmọ tó bá gba máàkì jù lọ ni yóò gbé àsíá lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀nà kan nìyẹn láti sọ fún ọmọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ẹni iyì.

Ní ọdún 2000, ní Nea Michaniona, ìlú kékeré àwọn apẹja nítòsí Thessaloniki, ọmọ Albania kan ló gba máàkì jù lọ. Òun ló yẹ kó gbé àsíá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọdún kejì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń yan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń rántí ọdún 1940, nígbà tí olórí ìjọba wọn, Ioannis Metaxas, sọ fún Mussolini ti Ítálì pé rárá, àwọn kò ní jẹ́ kí ológun rẹ̀ wọlé. Àwọn òbí yarí. Wọ́n ní ọmọ àjèjì kò ní fọwọ́ kan àsíá àwọn. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo káàkiri orílẹ̀-èdè. Ààrẹ ìgbà náà, Kostis Stephanopoulos, gbè sẹ́yìn ọmọ náà. Síbẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yọwọ́ kí ìjà lè tán.

Ní ọdún 2003, ọmọ yìí kan náà tún gba máàkì jù lọ. Ìjà yẹn tún bẹ́ sílẹ̀. Ó tún yọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ọmọ yìí wẹ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà tí àwọn àgbà ìlú fi lélẹ̀ ló tẹ̀ lé. Nígbà tó gbégbá orókè, wọ́n sọ fún un pé ìlànà náà kì í ṣe fún irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kàwé nílùú òyìnbó mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn tó.

Ní ọdún 2017, ìjọba yí ìlànà padà fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kí wọ́n máa ṣẹ́ gègé dípò kí wọ́n wo máàkì. Lọ́dún yẹn kan náà, gègé mú ọmọ Afghanistan kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nílé-ìwé kan ní Dafni, nílùú Athens. Àsíá kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Pátákó orúkọ ilé-ìwé ni wọ́n fún un gbé. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà, àwọn kan lọ ju òkúta àti ìgò lu fèrèsé ilé àwọn òbí rẹ̀ lóru, wọ́n sì fi ìwé sílẹ̀ pé kí wọ́n padà sí abúlé wọn. Olórí ìjọba, Alexis Tsipras, ránṣẹ́ pe ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti tù ú nínú. Ìjọba tó gbapò lẹ́yìn rẹ̀ dá ìlànà àsíá padà sí ti máàkì.

Àjèjì orí àga, àjèjì inú oko

A kò gbọ́ rí pé wọ́n ju òkúta sí ilé òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì nítorí pé ó jókòó síbi ọdún. Òyìnbó yìí lè má gbọ́ ju gbólóhùn Gíríìkì mẹ́wàá lọ, wọ́n á ṣì bu wáìnì fún un. Ọmọ Albania tó ń sọ Gíríìkì bíi ti olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Kí ló fà á? Òyìnbó mú owó wá, kò sì béèrè ju àyè ìjókòó lọ. Ọmọ òṣìṣẹ́ ń béèrè pé kí wọ́n ka òun mọ́ ọmọ ilé.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, ọ̀rọ̀ náà lè burú ju ọ̀rọ̀ àsíá lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní Manolada ní Peloponnese, àwọn ọmọ Bangladesh tó ń já èso strawberry péjọ láti béèrè owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan tí wọn kò san fún wọn. Àwọn alábòójútó oko yìnbọn fún wọn, nǹkan bí 30 ló fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dá 42 nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà láre. Ó ní iṣẹ́ àfipáṣe ni wọ́n kó wọn sí, Gíríìsì kò sì dáàbò bò wọ́n bó ṣe yẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ọdún òmìnira ni ìdájọ́ náà jáde.

Adé tó ti òkun bọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n la dé yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ìlú Athens. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn: adé ti òkun bọ̀. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tàbí tí òbí rẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé ni. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ yìí sì bá ilé mu.

Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì, lẹ́tà méjì ni wọ́n ń lò fún ìró “d”, méjì ni fún ìró “b”. Nígbà tí wọ́n tún wá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà, ó di Antetokounmpo. Ẹ̀yin tí olùkọ́ ti ba orúkọ yín jẹ́ rí nínú kíláàsì, ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Giannis Antetokounmpo ṣèwe ní Sepolia nílùú Athens, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri ọjà lójú pópó kí ilé lè jẹun. Títí ó fi di ọmọ ọdún 18, kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan lórí ìwé, nítorí bíbí tí wọ́n bí i sí Gíríìsì kò tó lábẹ́ òfin. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìjọba fagi lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba fún Giannis ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks mú un ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wéra, ẹ ó rí ohun tó mú kí ọwọ́ ìjọba yá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ga, tí kò sì mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n í gbá dúró títí di ọdún 2015 kí òfin mìíràn tó jáde, èyí tó wo ibi tí ọmọ ti kàwé àti iye ọdún tó fi kà á.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2024, níbi ìṣíde ìdíje Òlíḿpíìkì nílùú Paris, Giannis àti Antigoni Drisbioti ló gbé àsíá Gíríìsì lórí ọkọ̀ nínú odò Seine. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìdùnnú yẹn tàn wá jẹ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ di ẹni tí ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní àsíá, a jẹ́ pé ọmọ tó kàn jẹ́ ọmọ dáadáa kò tíì rí ibi dúró sí. Kì í sì í ṣe Gíríìsì nìkan: láti ọdún 1983, bíbí ọmọ sí ìlú ọba nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Bìrìtéènì mọ́. Àwọn ará Ireland náà dìbò láti yí tiwọn padà ní ọdún 2004.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn tó kọ̀ náà

A kò ní ṣe bí ẹni pé àwọn òbí Nea Michaniona kò ní ohun tí wọ́n ń sọ. Fún wọn, àsíá kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó mọ ìwé. Ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà wọn tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ni. Láti ilẹ̀ Albania ni ológun Ítálì sì ti kọlu Gíríìsì ní ọdún 1940. Ẹni tí wọ́n ti fi ogun lé nílé rí máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sí níbi ogun yẹn. Orílẹ̀-èdè náà sì ń dín kù: nǹkan bíi 10.8 mílíọ̀nù ènìyàn ni wọ́n kà ní ọdún 2011, ó ti di nǹkan bíi 10.5 mílíọ̀nù ní ọdún 2021. Láti ọdún 2011, àwọn tó ń kú níbẹ̀ lọ́dọọdún ti ń pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń bí lọ, àwọn abúlé ló sì ń rí i jù. Bí abúlé bá lé ọmọ àjèjì kúrò lórí ìlà, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní sí ọmọ tí yóò yan mọ́.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ẹni tó bá ní òun yóò fún wa láṣọ, ọrùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Kí a tó dá Gíríìsì lẹ́jọ́ tán, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ní Nàìjíríà, ọmọ lè wà tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó kàwé ní Ìbàdàn, tí Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí bàbá rẹ̀ bá wá láti Owerri, tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, Owerri ni wọ́n á ní kó lọ. Níbi ìdìbò gómìnà tó wáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ní Èkó, ìròyìn jáde pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn kan, wọ́n sì lé wọn kúrò níbi ìdìbò, torí wọ́n rò pé Ìgbò ni wọ́n. Ẹ rántí pé Ìgbò ni ìyá Giannis. Bó bá jẹ́ Èkó ni wọ́n bí i sí, tó sì jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́, ṣé a ó jẹ́ kó gbé àsíá tiwa?

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Susanne Wenger, ọmọ Austria, dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1950. Àwọn ará Òṣogbo kò fi í sí ipò òǹwòran. Wọ́n fi oyè òrìṣà dá a lọ́lá, wọ́n sọ ọ́ ní Àdùnní, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ nínú igbó Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà kún àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní ọdún 2009 ló kú sí Òṣogbo. Ìbéèrè wa ni pé, ṣé bí a ṣe ṣí apá fún òyìnbó yẹn la máa ń ṣí i fún aládùúgbò wa tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí ní London, Houston tàbí Toronto, ẹ mọ bó ṣe rí láti dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún ẹlòmíràn. Nígbà tí ọdún tiyín bá dé, bóyá ìgbéyàwó ni tàbí ìsọmọlórúkọ, ẹ wo aládùúgbò tó jẹ́ ọmọ Somalia tàbí Poland tí ẹ pè. Ẹ fún un ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó dára. Ẹ ta á láṣọ ẹbí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́ kan ṣe: kó gbé ẹ̀bùn, kó gba àlejò wọlé, kó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyàwó. Nígbà tí ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá bá sì tún pé, tí àwòrán àwọn ọmọ Gíríìsì tó ń yan bá bọ́ sórí fóònù yín, ẹ wo ojú ọmọ tó di igi àsíá mú.